Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe kọ́ìlì Tesla: kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ọmọ_Wáyà béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí kọ́ìlì Tesla, ẹ̀rọ tó ń fi ìyípo wáyà méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, mú kí iná máa ta bíi mànàmáná, ti ń wù mí, mo sì ti pinnu pé màá ṣe ọ̀kan fúnra mi. Mo ti tú tíráńsífọ́mà, ohun tó ń sọ agbára iná ilé di ńlá, jáde lára máíkírówéèfù kan tó ti bàjẹ́. Mo ní páìpù PVC tó fẹ̀ tó mílímítà 110, mo sì ní wáyà bàbà tí wọ́n fi fáníìṣì bò, mílímítà 0.4 ló nípọn. Mo fẹ́ kí iná tó máa ta lórí rẹ̀ gùn tó apá mi.

Wọ́n ní iná kọ́ìlì Tesla kì í pani, pé ojú awọ lásán ló ń gbà kọjá. Ṣé òótọ́ ni? Ilé wa ní ẹ̀rọ tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ tí iná bá fẹ́ gbé èèyàn, mo rò pé ìyẹn ti tó. Kí ló tún kù kí n tó tan án?

BàbáKọ́ìlì fèsì:

Àbúrò, o kú ìtara. Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ lè má dùn mọ́ ẹ: gbé tíráńsífọ́mà máíkírówéèfù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, má so ó mọ́ iná rárá.

Àwọn èèyàn máa ń wo iná aláwọ̀ àlùkò tó ń ta lókè, wọ́n á ní ibẹ̀ ni ewu wà. Ìsàlẹ̀, níbi tí kò ti sí ariwo, ni èmi máa ń wò. Tíráńsífọ́mà tó o tú yẹn ń gbé nǹkan bíi 2,000 volt jáde, ó sì lè fi ìdajì ámpù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tì í lẹ́yìn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn, tó bá gba àyà kọjá, tó láti da lílù ọkàn rú. Kò sì dájú pé yóò taari rẹ nù o. Ó lè fún iṣan ọwọ́ rẹ pọ̀ débi pé o ò ní lè jáwọ́.

Ti ojú awọ yẹn, irọ́ ni. Iná oníyára, ìyẹn iná tó ń yí padà kíákíá léraléra, a máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ìta wáyà bàbà lóòótọ́, àmọ́ ara èèyàn kì í ṣe bàbà. Pẹ̀lú irú iyára tí kọ́ìlì Tesla ń lò, ibi tí iná lè wọ̀ dé nínú ẹran ara jìn ju bí èèyàn ṣe sanra tó lọ. Ìdí tí kì í fi í dunni ni pé ó ń yí padà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iṣan ìmọ̀lára ò lè bá a sáré. Torí náà, ó lè máa jó ẹ nínú kó o má mọ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ: tí iná orí kọ́ìlì bá já bọ́ sórí kọ́ìlì ìsàlẹ̀ nígbà tó wà lára rẹ, iná tíráńsífọ́mà fúnra rẹ̀ lè gba ojú ọ̀nà yẹn wá bá ẹ. Ní àwọn ọdún 1890, Nikola Tesla a máa jẹ́ kí iná oníyára gba ara òun kọjá lójú àwùjọ. Ìyẹn mọ gbogbo ibi tí iná ń gbà nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n.

Kàpásítọ̀, ohun tó ń gbé iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, wá ni ọ̀gá gbogbo ewu wọ̀nyí. O ti pa iná, o ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó ṣì lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt pamọ́. O fi irin kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó ta pàà, o ní ó ti tán. Kò tíì tán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, apá kan iná yẹn máa ń jáde padà láti inú ọ̀rá tàbí ike tó wà láàárín rẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé gbogbo kàpásítọ̀ tí mo bá tò pọ̀ ló máa ń ní rẹ̀sístọ̀ 10 megohm lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, èyí tó ń fa iná tó kù dànù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá ike gígùn tó gbẹ, tí irin orí rẹ̀ ti so mọ́ ilẹ̀, ni mo fi ń tú iná rẹ̀ dànù. Mo sì máa ń fi wáyà so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, màá fi í síbẹ̀ títí di ìgbà tí mo bá tún fẹ́ tan án.

Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, bátìrì 12 volt ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Sàkíìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní Slayer exciter: tíránsístọ̀ kan (ohun kékeré tó ń tan iná, tó sì ń pa á kíákíá) bíi TIP31C, rẹ̀sístọ̀ kan, gílóòbù kékeré LED kan, ìyípo wáyà mẹ́ta sí márùn-ún nísàlẹ̀, àti kọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí páìpù kékeré. Iná rẹ̀ ò ní gùn tó apá rẹ, kò tiẹ̀ ní gùn tó èékánná, àmọ́ ó máa tan gílóòbù gígùn láìfi wáyà kàn án. Orí rẹ̀ ṣì lè jó ọmọ ìka, má fọwọ́ kàn án. Tíránsístọ̀ náà máa gbóná gan-an, fún un ní irin tí yóò máa fa ooru kúrò lára rẹ̀.

Ìyá_Fíúsì fèsì:

Bàbá ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ẹ̀rọ tó ń já iná, torí iṣẹ́ mi ni.

Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn kò ní gbà ẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Tí ìyàtọ̀ wọn bá ti tó 30 mA (ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ámpù), yóò já a. Ṣùgbọ́n tíráńsífọ́mà ti pààlà sáàárín ògiri àti ìwọ. Bí iná bá ń gba ara rẹ kọjá lódì kejì tíráńsífọ́mà, iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ lára ògiri ṣì dọ́gba. Lójú rẹ̀, ohun èlò lásán tó ń lo iná ni ìwọ.

Ohun tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni swíìṣì oníkọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ, àti swíìṣì mìíràn tó o gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iná tó lè wà, tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ iná ti kú. Kí ẹnì kan wà nítòsí nígbà gbogbo, kó sì mọ̀ pé tí iná bá gbé ẹ, ìdí ògiri ni kó kọ́kọ́ sáré lọ láti pa iná, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣí fèrèsé pẹ̀lú, torí òórùn líle tí iná yẹn ń mú jáde, ozone ni, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ọmọ_Wáyà:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Màá ṣe ti bátìrì. Ìbéèrè méjì ló kù. Tó bá di ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe ńlá, ṣé wáyà ẹ́ẹ̀tì ilé, èyí tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀, ni kí n so ẹsẹ̀ kọ́ìlì mọ́? Èkejì, bàbá wa àgbà ní ẹ̀rọ kékeré kan láyà tó ń ran ọkàn wọn lọ́wọ́, yàrá tó kàn mí ni wọ́n ń sùn.

BàbáKọ́ìlì:

Èkejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Má tan kọ́ìlì kankan nínú ilé tí bàbá wà, títí kan ti bátìrì, àfi tí dókítà wọn bá sọ pé kò séwu. Agbára tó ń tan gílóòbù láìsí wáyà yẹn lè da ẹ̀rọ àyà rú.

Ẹ́ẹ̀tì ilé, rárá o. Ìta ara irin tíráńsífọ́mà ló ń lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ́ìlì òkè gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá irin tirẹ̀ nínú ilẹ̀ tútù, pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó sì kúrú. Bí o bá kó wọn pọ̀, iná oníyára máa wọ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, kọ̀ǹpútà á kú. Òrùka irin tó máa ń wà lókè kọ́ìlì ìsàlẹ̀, tó ń gba iná tó bá já bọ́, òun náà ń lọ sí ọ̀pá yẹn. Má jẹ́ kí ẹnu òrùka náà pàdé; tó bá pàdé, yóò máa fa agbára kọ́ìlì sára rẹ̀.

Ní báyìí, o lè máa yí wáyà sára páìpù 110 yẹn sílẹ̀, yíyí ò gba iná. Lórí gígùn 50 sẹ̀ntímítà, wáyà 0.4 máa fún ẹ ní bíi 1,100 ìyípo, yóò sì jẹ wáyà tó tó mítà 380, torí náà wọn èyí tó o ní wò kó o tó bẹ̀rẹ̀. Fi páìpù sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kó o kùn ún ní fáníìṣì. Má lu ihò sí i lára láti ki wáyà wọnú rẹ̀, iná máa ta gba inú páìpù. Tí ìyípo kan bá gun orí èkejì, tú u padà débẹ̀.