Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ méjì bá ń jà nínú ìjọ?

Akọ̀wé Ìkórè

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànìn nínú ìjọ wa, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ìjọ Áńgílíkà ni wá, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè ti ọdún yìí. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, ní ọjọ́ ìkórè àgbà, a máa ń pe àwọn ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti jó lọ sí iwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọrẹ wọn, a sì máa ń tẹ bí wọn yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn sínú ìwé ètò ìsìn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wà tí ó ti wà láti ìgbà àwọn ìyá wa àgbà; àwọn ni a kọ́kọ́ ń pè láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹgbẹ́ kejì kò tíì pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú páànù tí a fi bo gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n sì ní ó tó àsìkò kí a máa pe àwọn ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìwé ètò báyìí. Àwọn kan kì í kí ara wọn mọ́. Bí ẹnì kan láti apá kan bá ti kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ láti gba Oúnjẹ Olúwa, ẹni apá kejì a dúró de ìlà tí ó tẹ̀ lé e kí èjìká wọn má baà kan ara wọn; mo ti fi ojú ara mi rí i. Àwọn wọ́dìn, ìyẹn àwọn alábòójútó ìjọ, pe ẹgbẹ́ kejì, wọ́n ka ẹsẹ Bíbélì fún wọn pé kí àwọn ọ̀dọ́ tẹrí ba fún àwọn àgbà, wọ́n sì ní kí wọ́n rẹ ara wọn sílẹ̀. Ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bá dáhùn pé àwọn tí wọ́n jókòó sórí àga onítìmùtìmù níwájú ni wọ́n ń wàásù ìrẹ̀lẹ̀ fún àwọn tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé n kò rí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Báwo ni a ṣe ń fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣe ìwà hù nínú irú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé kí ẹni tí ó gbà pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ du òun kàn dákẹ́ ni? Kí sì ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ wa ṣe?

Bàbá Olùkọ́

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹsẹ tí àwọn wọ́dìn yín kà wà nínú Pétérù Kìíní, orí karùn-ún, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn ì bá ti ka ìyókù ẹsẹ náà, níbi tí Pétérù ti ní kí gbogbo ìjọ, àgbà àti ọmọdé, fi ìrẹ̀lẹ̀ wọ ara wọn láṣọ sí ọmọnìkejì wọn, kí wọ́n sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orí náà, níbi tí ó ti kìlọ̀ fún àwọn alàgbà pé kí wọ́n má ṣe jẹ gàba lórí agbo. Àwọn àgbà ni Pétérù kọ́kọ́ bá wí kí ó tó kan àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà láti àárín, ohun tí ó ń wá ni yóò rí.

Ibi tí èmi fẹ́ kí a tẹjú mọ́ ni ìwé Fílípì, orí kejì. Ìlú tí àwọn ará Róòmù tẹ̀ dó ní Makedóníà ni Fílípì, jíjẹ́ ọmọ ìlú Róòmù sì jẹ́ ohun ìyangàn ńlá níbẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù, tí ó wà nínú ìdè, kọ̀wé sí pé kí wọ́n má ṣe fi ìjà tàbí ògo asán ṣe ohunkóhun, kí olúkúlùkù sì máa ka ọmọnìkejì rẹ̀ sí ẹni tí ó sàn ju òun lọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí ó fà yọ. Kò mú ẹni tí ipò rẹ̀ ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá fún wa. Kristi ni ó mú wá, ẹni tí ó wà ní àwòrán Ọlọ́run, tí ó bọ́ ògo rẹ̀ sílẹ̀, tí ó mú àwòrán ìránṣẹ́ wọ̀, tí ó sì tẹrí ba títí dé ojú ikú, àní ikú orí àgbélébùú. Láti òkè ni sísọ̀kalẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjọ, ẹni tí ó ní ohun tí yóò gbé sílẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò: ẹni tí àga iwájú jẹ́ tirẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ dù, ìlú Fílípì kan náà ni kí a tún lọ. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹrìndínlógún sọ pé wọ́n na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn aláṣẹ ránṣẹ́ pé kí wọ́n rọra máa lọ, Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ ìlú Róòmù ni àwọn, kí àwọn tí wọ́n ṣe é wá fúnra wọn láti mú àwọn jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ó kọ orí kejì yẹn ni ó ṣe báyìí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ fún mi pé ìrẹ̀lẹ̀ ni kí a máa bo ìyànjẹ mọ́lẹ̀.

Ó kù díẹ̀. Nínú orí kẹrin ìwé Fílípì, Pọ́ọ̀lù dárúkọ àwọn obìnrin méjì, Éúódíà àti Síńtíkè, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní inú kan. Kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ó ní wọ́n ti bá òun ṣiṣẹ́ nínú ìyìn rere, ó sì ní kí ẹnì kan tí ó wà nítòsí ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo rò pé ẹ̀yin ni ẹni tí ó wà nítòsí yìí, Akọ̀wé.

Ìyá Olóúnjẹ

Bàbá, ẹ ṣeun, Olúwa á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Èmi ni mo ń bójú tó oúnjẹ nínú ìjọ tiwa, n óò sì sọ ibi tí mo ti mọ ẹni tí ó ní ìrẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń wàásù rẹ̀. Ẹ̀yìn ìsìn ìkórè ni. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a gbé kúlà ìrẹsì tirẹ̀ wá, wọn a lẹ orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ ọn lára, wọn a sì tì í sábẹ́ tábìlì tiwọn. Ẹni tí ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ a gba ìrẹsì, ẹran méjì àti abọ́ oníke tí wọ́n kọ ọjọ́ ìkórè sí. Opó tí kò rí owó aṣọ san a jókòó ti ọmọ rẹ̀, a máa fi omi inú ọ̀rá panu. Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí nítorí ohun tí ó jọ èyí gan-an: ebi ń pa ẹnì kan nínú ìpéjọ wọn, ẹlòmíràn sì ti mu àmupara.

Ohun tí a ṣe ni pé gbogbo ìrẹsì di ti ilé ìdáná kan ṣoṣo. Àwọn tí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún àwọn tí kò wọ ọ́, àwọn ìyá ẹgbẹ́ sì ni wọ́n ń jẹun kẹ́yìn. Kò rọrùn. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìyá ẹgbẹ́ kan gbé kúlà rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó sì lọ sílé láìdágbére. Ní ọdún kejì ó gbé e wá, ó ní kí a má sọ̀rọ̀ mọ́. A kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ rántí àwọn opó inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà, àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì, tí wọ́n ń fò dá nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ fún wọn pé ìkùnsínú kò yẹ ọmọ Ọlọ́run. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo àwọn méjèèje ń jẹ́, láti orí Stéfánù títí kan Níkólásì. Ó hàn sí mi pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ráhùn ni wọ́n gbé ṣíbí lọ.

Nítorí náà, mo ní kí ẹ yọ orúkọ ẹgbẹ́ àti iye owó tí wọ́n dá kúrò nínú ohun tí a ń kà sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá.

Akápò Ìjọ

Ẹ má bínú o, Màmá, n kò gbà pẹ̀lú yín pátápátá. Èmi ni mo ń ka owó, mo sì mọ ohun tí òrùlé ń gbà. Ó tọ́ nínú àṣà wa, ó sì tọ́ nínú Ìwé Mímọ́, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe oore ní gbangba. Ẹ ka Róòmù orí kẹrìndínlógún: Fébè ará Kẹnkíríà, Pírísíkà àti Ákúílà, Màríà, Trífénà àti Trífósà, orúkọ lórí orúkọ. Bí Pọ́ọ̀lù bá rò pé dídárúkọ ènìyàn ń ba ìrẹ̀lẹ̀ jẹ́, kì bá tí kọ odidi orí kan bẹ́ẹ̀. Ìjọ tí kò mọ ẹni tí ó ń gbé ẹrù rẹ̀, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnì kan tàbí méjì títí tí yóò fi rẹ̀ wọ́n.

Ìyá Olóúnjẹ

Akápò, ẹ kú iṣẹ́ ìjọ. Mo gba ti Róòmù lọ́wọ́ yín. Ẹ tún un kà, kí ẹ wò bóyá ẹ óò rí iye tí Fébè dá. Làálàá wọn ni Pọ́ọ̀lù ń dárúkọ: èyí ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́, èyí ṣe làálàá nínú Olúwa, àwọn wọ̀nyí fi ọrùn ara wọn lélẹ̀ nítorí mi. Bí ẹ bá lè ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ síta, tí ẹni tí ń gbá ọgbà ìjọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó ra páànù, èmi náà á pàtẹ́wọ́.

Ọmọ Onítẹ̀bọmi

Ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn kan wá láti ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1888, ní ìlú Èkó, ìjọ Onítẹ̀bọmi pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ bí míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà kan, W. J. David, ṣe ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ lò ni ó fà á, pàápàá bí ó ṣe dá Moses Ladejo Stone dúró lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ó pọ̀ nínú ọmọ ìjọ jáde, wọ́n sì dá èyí tí a mọ̀ sí Ebenezer lónìí sílẹ̀. Lára àwọn tí ó wà nídìí ìyapa náà ni David Vincent, tí ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mojola Agbebi lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1914, tọ̀tún tòsì péjọ, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ti ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀, èyí tí ó di Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà lónìí. Ta ni ààrẹ àkọ́kọ́? Agbebi ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ó jáde. Àwọn míṣọ́nnárì tí owó àti ilé ìwé wà lọ́wọ́ wọn kò sọ pé àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá wà lórí àga. Àwọn tí ó jáde náà kò sì sọ pé àfi bí àwọn kan bá kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí Ebenezer pa rẹ́, ó ṣì wà ní Èkó títí di òní. Ìdí nìyí tí n kò fi ní fara mọ́ ọn bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a tú ẹgbẹ́ kan ká sínú èkejì kí ìṣọ̀kan tó lè wà. Ó sì gba ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Akọ̀wé. Ẹ má retí pé kí ti yín parí kí ìkórè tó dé.

Akọ̀wé Ìkórè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun kan wá sí mi lọ́kàn bí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ní ìsìn ìdúpẹ́ ọdún tuntun, a máa ń pe ìjọ ní ọjọ́ tí a bí wọn: àwọn ọmọ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ ọjọ́ Ajé, títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìkórè, kò ní sí ẹgbẹ́ tí ó ṣáájú, àwọn méjèèjì yóò sì jọ wà nínú ìlà kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ẹgbẹ́ àgbà yóò sọ pé a gba ohun ìní àwọn.

Bàbá Olùkọ́

Èrò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kò ní kó ilé Éúódíà àti Síńtíkè pọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n lè jọ wà nínú ìlà kan kí wọ́n má sì wo ojú ara wọn. Ẹnì kan ṣì ní láti kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì. Àti pé ẹgbẹ́ àgbà kò purọ́: ohun ìní wọn ni, láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ni ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn ni ó yẹ kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Ẹ lọ bá ìyá tí ó jẹ́ olórí wọn nílé kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, kí ẹ má sì mú wọ́dìn kankan dání. Ẹ sọ èrò yín fún un, kí ẹ sì fún un ní àyè láti rò ó. Bí ó bá gbà, ẹ jẹ́ kí òun dá a lábàá níwájú ìgbìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ẹ̀yin kàn kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé bí ó ti sọ ọ́.