Ìpele ìṣirò wo ni kí n fi ọmọ mi sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín nílé. Ìpínlẹ̀ Texas ni a ń gbé, níbi tí ìjọba kì í ti í ní kí ọmọ tí a ń kọ́ nílé ṣe ìdánwò kankan, nítorí náà ọwọ́ èmi àti bàbá wọn ni gbogbo ìpinnu wà.

Ọmọ ọdún 13 ni àkọ́bí wa obìnrin, ó sì ti ka JSS 2 ní Ìbàdàn kí a tó kó wá. Ọmọ ọdún 11 ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Saxon Math, ìyẹn ọ̀wọ́ ìwé ìṣirò kan tí ó ní ìpele-ìpele, ni a fẹ́ lò, ṣùgbọ́n ìdánwò tí a fi ń mọ ìpele ọmọ gbé àwọn méjèèjì sí ìwé tí wọ́n ń pè ní 7/6, ó sì dun ẹ̀gbọ́n gan-an. Nígbà tí mo yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó pín ìdá láìṣe àṣìṣe kankan, àmọ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti béèrè nípa ẹsẹ̀ bàtà, ínṣì àti gálọ́ọ̀nù ni ó ti kùnà, nítorí mítà àti lítà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe àìmọ ìṣirò.

Ṣé kí n gbé e sí 8/7, ìwé tí ó tẹ̀ lé 7/6, kí n máa kọ́ ọ ní òṣùwọ̀n lọ́tọ̀, àbí kí ó fi sùúrù ka 7/6 tán? Ẹ̀rù Algebra ló ń bà mí, torí ó wà níwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá, kí ni ẹ ṣe?