Ẹni tó dáná, ẹni tó fọ abọ́: ohun tó ń dín wàhálà ilé ìdáná kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná la fẹ́ sọ lónìí: oúnjẹ sísè, abọ́ fífọ̀, àti ẹni tó yẹ kó ṣe èwo. Kí kálukú mú ohun tó dá a lójú wá. Ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ sọ ìdí rẹ̀, torí "ṣáà bu díẹ̀ sí i" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ohun tí èmi mọ̀ ni pé wàhálà abọ́ fífọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ nídìí sinkì. Ìdí iná ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dáná ló ń pinnu bóyá ẹni tó máa fọ abọ́ á lo ìṣẹ́jú 20 tàbí wákàtí kan gbáko. Bó bá gbé ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ka iná tó ń jó fòfò, oúnjẹ á jó mọ́ ìdí rẹ̀. Bó bá po ẹyin tán tó sì gbé abọ́ náà tì láìbu omi sí i, ẹyin á gan mọ́ ọn. Torí náà, "èmi dáná, ìwọ fọ abọ́" dára o, àmọ́ àdéhùn kan wà nínú rẹ̀: ẹni tó dáná kò gbọdọ̀ fi ilé ìdáná sílẹ̀ bí ọjà tó tú.

Kó tó tan iná rárá, kó kó ohun tó wà nínú sinkì kúrò, kó bu omi gbígbóná àti ọṣẹ sínú abọ́ ńlá kan, kó sì gbé abọ́ mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó fi ń gé nǹkan, kó lè máa ju èèpo sí i. Ìrẹsì máa ń lo bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí iná. Àkókò yẹn tó láti fọ ọ̀bẹ, pátákó àti abọ́ tí a fi po nǹkan. Nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀, ìkòkò, abọ́ ìjẹun àti ṣíbí nìkan ló máa ṣẹ́kù.

* * *

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìkòkò tó jóná, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ba ìkòkò jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe.

Ẹ má da omi tútù sínú ìkòkò tó ṣì gbóná janjan. Irin máa ń fẹ̀ bó bá gbóná. Bí omi tútù bá kàn án lójijì, ó máa ń súnkì láìdọ́gba, ìdí rẹ̀ á wọ́, kò sì ní jókòó dáadáa lórí iná mọ́. Tánganran tiẹ̀ lè sán. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo irú ìkòkò tó jẹ́, torí oògùn wọn ò bára mu.

Bó bá jẹ́ irin dídán tí kì í dípẹtà, ẹ bu omi sí i títí tó fi máa bo ibi tó jóná. Ẹ wọn ṣíbí ìjẹun 1 baking soda sí ìlàjì lítà omi kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e ka iná, kó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ máa rí i tí etí èépá dúdú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè, tí ẹyọ kéékèèké á sì máa léfòó. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á, kí ẹ wá fi ṣíbí onígi tì í láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ohun tó bá kù, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi díẹ̀ po baking soda títí tó fi máa ki, ẹ fi kùn ún, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ tó fi kànrìnkànrìn bó o. Ipá kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí, sùúrù ni.

Ìkòkò alumíníọ̀mù kò fẹ́ baking soda rárá. Ṣe ló máa jẹ ara rẹ̀, tó sì máa sọ ọ́ di dúdú. Ohun kíkan ni tiẹ̀: ṣíbí ìjẹun 2 fínígà sí lítà omi 1, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, kó hó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ṣan án lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi omi kíkan náà sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí yóò dá ihò kéékèèké sí i lára. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ rí kànrìnkànrìn onírin. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ló tó fún un. Páànù irin dúdú tó wúwo kò sì gbọdọ̀ sùn sínú omi. Iyọ̀ oníhóró àti àkísà ni kí ẹ fi họ ọ́, ẹ ṣan án kíá, ẹ gbé e ka iná kó gbẹ, kí ẹ wá fi òróró díẹ̀ pa á lára.

Ohun kan wà tó gbajúmọ̀ tí mi ò fara mọ́. Àwọn kan máa ń da fínígà àti baking soda pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóòmù tó ń ru sókè yẹn ń tan ojú. Ọ̀kan ń pa agbára èkejì ni, omi tí kò lágbára mọ́ ló sì máa ń kù nílẹ̀. Ẹ lo ọ̀kan, ẹ ṣan án, kí ẹ tó lo èkejì.

* * *

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ fínígà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí kún un. Fínígà àti bílíìṣì kò gbọdọ̀ pàdé láé. Bílíìṣì pẹ̀lú fínígà, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí pẹ̀lú oògùn ìfọ-ṣálángá tó ní áásìdì nínú, afẹ́fẹ́ chlorine ló ń jáde lára wọn. Ó ń ta ojú, ó ń jó ọ̀fun, ó sì ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Oògùn ìfọ-gíláàsì tó ní ammonia náà kò gbọdọ̀ kan bílíìṣì. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró láti nù ún. Ẹ jáde, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.

Fún pátákó tí a fi gé ẹran tútù, ọṣẹ àti omi gbígbóná ló kọ́kọ́ kàn, torí ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára bílíìṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣíbí ìjẹun 1 bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, nínú omi bíi lítà 4. Ẹ dà á lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ṣan án, kí ẹ gbé e nàró kó gbẹ. Bí ojú ọ̀bẹ bá ti gbẹ́ ẹ jìn, ẹ sọ ọ́ nù, torí kànrìnkànrìn kò lè wọ inú kòtò yẹn. Adìẹ tútù kò sì nílò kí a máa fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi tó ń ta sókè ló ń gbé kòkòrò àrùn lọ sára abọ́ tó ti mọ́. Iná ló ń pa kòkòrò yẹn: inú adìẹ náà gbọ́dọ̀ gbóná dé 74°C.

* * *

Ẹ kú àlàyé. Lórí abọ́ fífọ̀ gan-an, ọ̀rá àti ẹyin kò gba omi kan náà. Abọ́ tó ní ẹyin, wàrà tàbí ìyẹ̀fun lára, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rin ín. Omi gbígbóná ṣe ló máa se é mọ́ abọ́. Abọ́ ọlọ́ràá ló ń fẹ́ omi gbígbóná. Ife gíláàsì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ṣíbí, lẹ́yìn rẹ̀ abọ́ ìjẹun, kí ìkòkò àti páànù ọlọ́ràá wá kẹ́yìn. Bí ẹ bá fi páànù bẹ̀rẹ̀, gbogbo ife ló máa ní ọ̀rá lára. Nígbà tí omi bá ti ṣú tí fóòmù sì ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀; ọṣẹ tí ẹ bá bù kún irú omi bẹ́ẹ̀ ṣòfò ni.

Òróró tí a ti lò kì í ṣe ti sinkì. Ó gbóná nígbà tí ẹ ń dà á, ó ń ṣàn, àmọ́ bó bá ti tutù nínú páìpù, á dì mọ́ ọn lára, á sì máa gba ìrẹsì àti èèpo mọ́ra. Ẹ dà á sínú agolo, ẹ fi bébà nu páànù kí omi tó kàn án.

Bí sinkì bá ti dí, ẹ wo ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọdọrọ nísàlẹ̀. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, ẹ tú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ dà nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ rí i dájú pé rọ́bà tó wà lẹ́nu nọ́ọ̀tì kò yí, torí ibẹ̀ ló máa ń jò. Ẹ má sì da omi ẹnu ẹ̀rọ sínú sinkì yẹn kí ẹ tó dá páìpù padà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa gbà á, ó sì lè kún jù.

* * *

Tèmi wà lórí oúnjẹ tó ń kọ̀ jálẹ̀. Ẹran tí a fẹ́ dín tí kò pọ́n: omi wà lára rẹ̀, tàbí ó ti pọ̀ jù nínú páànù. Omi ara rẹ̀ ló ń sè é. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì, kí ẹ dín in ní ìgbà méjì bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ràn mọ́ òróró, ẹ pa gáàsì, ẹ dé e ní ọmọrí, ẹ má gbé e rìn, ẹ má sì da omi sí i láéláé.

Ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù, ẹ máa ń gbọ́ pé kí a ju ọ̀dùnkún sí i kó fa iyọ̀. Omi oníyọ̀ ló ń fà, kì í ṣa iyọ̀ nìkan jáde. Omi tàbí èlò tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi kún un.

Ẹ̀wà kì í tètè rọ̀ bí ẹ bá tètè da tòmátò sí i, torí ohun kíkan máa ń mú èèpo rẹ̀ le. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ ná. Ẹ̀wà pupa ńlá tí a ń pè ní kidney beans tún ní oró nínú tó ń fa èébì: ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi yẹn nù, kó sì hó gidigidi fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kí ẹ tó dín iná kù.

Ìrẹsì tó ṣẹ́kù ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí sísè kì í pa tán, bó bá sì pẹ́ níta, ó máa ń tú oró sílẹ̀ tí gbígbóná ẹlẹ́ẹ̀kejì kò lè mú kúrò. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹlẹbẹ kó tètè tutù, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì láàárín wákàtí méjì. Fíríìjì náà kò gbọdọ̀ gbóná ju 4°C lọ.

* * *

Gbogbo èyí ló dùn mọ́ mi, àmọ́ nínú ilé, ṣe iṣẹ́ tí ojú rí la máa ń pín. Èyí tí ojú ò rí ló ń da ilé rú: ta ló ń rántí pé ọṣẹ ti ń tán? Ta ló mọ̀ pé ẹran gbọ́dọ̀ jáde nínú fíríísà lálẹ́, kó lè yọ́ nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì? Ẹni tó ń sọ pé "ṣáà sọ ohun tí o fẹ́ kí n ṣe" ti fi ìrònú sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ìrònú sì ni ìdajì iṣẹ́.

Odindi iṣẹ́ ni kí ẹ pín. Ẹni tó ni oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ Tuesday ló ni ríronú ohun tí a máa jẹ, wíwo ohun tó wà nílẹ̀, rírà á àti sísè é. Kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí ohun tí "mo ti ṣe tán" túmọ̀ sí. Lójú tèmi, abọ́ kò tíì tán bí ìkòkò kò bá tíì padà sáyè rẹ̀, bí sinkì kò bá tíì gbẹ, bí a kò bá tíì fún kànrìnkànrìn kó gbẹ, tí àkísà ìnuwọ́ sì ṣì wà pọ̀ mọ́ ti abọ́. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri bó bá gba bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè. Ọmọ ọdún 3 lè to ṣíbí. Ọmọ ọdún 6 lè gbé abọ́ tí kò lè fọ́ wá sídìí tábìlì, kó sì nù ún. Ọmọ ọdún 9 lè fọ ife àti abọ́ bí ọ̀bẹ bá ti kúrò nínú omi náà. Bó bá fọ̀ ọ́ tí ọ̀rá ṣì kù, ẹ dá ọ̀kan ṣoṣo padà fún un, ẹ fi ibi tó kù hàn án. Bí ẹ bá tún gbogbo rẹ̀ fọ̀ lójú rẹ̀, ẹ ti kọ́ ọ pé kò nílò láti fọ̀ ọ́ dáadáa.

* * *

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi kí n fi kan kún un: ẹ má máa pààrọ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó dà bíi pé ó tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń mọ iṣẹ́ náà dé gbòǹgbò, kálukú á sì máa fi ìkòkò tó le sílẹ̀ fún ẹni ọ̀la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló tọ́ kí iṣẹ́ kan fi wà lọ́wọ́ èèyàn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, kí ẹni tó ń kúrò mú ẹni tó ń bọ̀ lọ sídìí sinkì, kó fi ibi tí ọṣẹ wà hàn án, páìpù tó máa ń dí, àti ìkòkò alumíníọ̀mù tí kò gbọdọ̀ rí baking soda.