Bùlóà oníná wo ló dáa fún ààrò ìsunkòkò eléèédú?

Ọmọ Alámọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye. Mo mọ ààrò ìsunkòkò kékeré kan, inú ẹ̀ fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, ó ga tó 60, bíríkì tó lè fara da iná ni mo fi mọ ọ́n. Ìsàlẹ̀ ni èédú wà, orí irin oníhò-hò, páìpù irin ínṣì 2 ló ń gbé atẹ́gùn wọ abẹ́ irin yẹn. Atẹ́gùn gan-an ló ń dà mí láàmú. Fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo kó mẹ́ta sẹ́nu páìpù, tí mo bá gbé ọwọ́ síbẹ̀ nígbà tí ààrò ṣófo ó ń fẹ́ dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti da èédú sí i báyìí, ṣe ni atẹ́gùn ń ṣẹ́rí padà gba ẹ̀yìn fáànù jáde. Iná á pọ́n díẹ̀, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kó ìkòkò jáde, tìsàlẹ̀ ti jinná, tòkè ò tíì jinná rárá, mo ki ọ̀kan bọ inú omi mọ́jú, nígbà tí mo máa fi wò ó láàárọ̀ etí ẹ̀ ti yòrò di ẹrẹ̀ sísàlẹ̀ báàfù.

Amọ̀ pupa lásán ni, 1000 °C ni mo fẹ́ dé. Ẹnì kan ní kí n lo dráyà irun, ẹlòmíì ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ẹlòmíì ní èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà. Èwo ni kí n mú? Kí ni kí n wò lára ẹ̀ kí n tó sanwó?

Ẹwìrì Àgbà

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ atẹ́gùn, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe pọ̀ tó, ọ̀tọ̀ ni agbára tó fi ń ti nǹkan. Fáànù kọ̀ǹpútà yẹn, atẹ́gùn ẹ̀ pọ̀ tí nǹkan kan ò bá dínà fún un, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ti nǹkan, èédú tó sì jókòó lé ara wọn, tí eérú ti wọ àárín wọn, ìdènà gidi ni. Èyí tí wàá wá ni bùlóà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, tí ilé ẹ̀ ká kò bí ìkarahun ìgbín, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wà nínú, ó ń fa atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́, ó ń tu ú jáde lẹ́nu kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń ṣe nìyẹn, iná mànàmáná ló kàn ń ṣe é.

Ní ti bó ṣe máa pọ̀ tó, kílò èédú kan máa ń gba nǹkan bíi kúbíìkì mítà atẹ́gùn 9 sí 10 kó tó jó tán. Tí ààrò ẹ bá ń jẹ kílò 4 ní wákàtí kan, ó ń lọ sí bíi 40 nìyẹn. Wọ́n sábà máa ń kọ CFM sára bùlóà, ìyẹn iye kúbíìkì fíìtì atẹ́gùn tó ń fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, CFM 1 jẹ́ kúbíìkì mítà 1.7 láàárín wákàtí kan, torí náà 40 yẹn jẹ́ bíi CFM 24. Àmọ́ iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, ìgbà tí nǹkan kan ò dí i lẹ́nu ni wọ́n wọ̀n ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ra ìlọ́po méjì ohun tí mo nílò. Lẹ́yìn ìyẹn kí o wo ibi tí wọ́n kọ static pressure sí, agbára tó fi ń ti nǹkan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, tí kò bá sí níbẹ̀ rárá, èmi ò ní ra irú ẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, 300 Pa (pascal, ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára yẹn) sókè ti ń tó fún èédú tó tóbi tó ẹyin adìẹ.

O lè wọ̀n ọ́n fúnra ẹ. Wá róbà tínrín tí ojú ń rí inú ẹ̀, tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, bu omi sí i, ki ẹnu kan sínú ihò kékeré lára páìpù, kí ẹnu kejì ṣí sílẹ̀. Da èédú sí i kí o tan bùlóà. Omi ẹ̀gbẹ́ kan á wálẹ̀, tẹ̀gbẹ́ kejì á gòkè, tí ìyàtọ̀ àárín wọn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, bíi 100 Pa nìyẹn. Fáànù kọ̀ǹpútà ò ní gbé e ju mílímítà díẹ̀ lọ. Tí omi bá gòkè gan-an tí iná ò sì mọ́lẹ̀, má bú bùlóà, eérú ló ti dí irin abẹ́ yẹn.

Ìyá Oníkòkò

Gbogbo ohun tí bọ̀dá yẹn sọ dáa, àmọ́ ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí bùlóà dé kí o wá ṣí i tán lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, inú mi ń dùn pé atẹ́gùn ti dé, kò tíì pé wákàtí kan tí mo fi gbọ́ pà, pà, pà nínú ààrò, ìkòkò mọ́kànlá ló fọ́, mo jókòó ti ààrò yẹn mi ò lè sọ̀rọ̀. Omi tó ṣì wà nínú amọ̀ ló di ooru tí kò ríbi gbà jáde. Láti ọjọ́ náà, kí ààrò tó kọjá 120 °C mi ò kì í tan bùlóà rárá, iná díẹ̀ ni mo máa ń fi yá a, atẹ́gùn tí símínì fà fúnra ẹ̀ ti tó. Tó bá tún súnmọ́ 573 °C mo máa ń dẹ ọwọ́, torí yanrìn funfun tó wà nínú amọ̀ máa ń wú lójijì níbẹ̀, ó lè la ìkòkò. Nígbà tó bá ń tutù náà rọra.

Ti òkè tí kò jinná yẹn, kì í ṣe bùlóà nìkan. Tí èédú bá nípọn, atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti abẹ́ á tán kó tó dókè, ohun tó máa jáde lókè èédú á jẹ́ gáàsì tí kò tíì jó tán. Ṣé o ti rí iná aró kan tó ń jó lẹ́nu símínì lálẹ́? Ooru tó yẹ kó se ìkòkò òkè ẹ ló ń jó síta yẹn. Lu ihò kékeré méjì mẹ́ta sára ààrò, díẹ̀ sókè ojú èédú, kí atẹ́gùn ráyè wọlé níbẹ̀ kí gáàsì yẹn lè jó nínú. Má sì fún iná ní àfúnjù, torí atẹ́gùn tí iná ò lò, ooru ló máa gbé gba símínì lọ, á tún máa da eérú sára ìkòkò.

Gáàsì yẹn ò ní òórùn o, carbon monoxide ni, májèlé ni, irú èyí tó ń jáde lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Ìta gbangba ni kí ààrò wà, mo bẹ̀ ẹ́.

Oníwáyà

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kan ti mọ́tò. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku lágbára lóòótọ́, ó tiẹ̀ pọ̀ jù, àmọ́ mọ́tò ẹ̀ ń lo kábọ́ọ̀nù bírọ́ọ̀ṣì, ègé kékeré tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú mọ́tò, tó sì máa ń jẹ, wọn ò ṣe é láti ṣiṣẹ́ wákàtí 8 láìsinmi. Ti bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Dráyà irun, ọ̀pọ̀ yín á fẹ́ gé wáyà tó ń gbóná inú ẹ̀ kúrò, ẹ ṣọ́ra, nínú ọ̀pọ̀ wọn mọ́tò yẹn kì í gba iná tààrà, inú wáyà tó ń gbóná yẹn ni iná gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tí ẹ bá gé e tí ẹ so mọ́tò mọ́ iná ilé, á jó lójú ẹsẹ̀.

Tí mo bá wà nípò ẹ, bùlóà onígbìín tí Ẹwìrì Àgbà ṣàlàyé yẹn, 12 volt, tí kò ní bírọ́ọ̀ṣì nínú, pẹ̀lú kọ́ńtírólù tó ń dín eré ẹ̀ kù. Ká ní ó ń fa 2 amp, wákàtí 8 á jẹ 16 amp-hour (amp tó ń fà, ìlọ́po iye wákàtí), bátìrì ọkọ̀ á gbé e, kódà tí wọ́n bá mú iná lọ. Tó bá jẹ́ ti iná ilé lo rà, má fi règúlétọ̀ dín in kù, ọ̀pọ̀ mọ́tò yẹn á máa kùn, á sì máa gbóná. Pátákó irin pẹlẹbẹ tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn ni kí o fi dí ẹnu tó fi ń fa atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ mọ́tò á tiẹ̀ fúyẹ́ sí i, kàn máa fọwọ́ kàn án wò bóyá ó ń gbóná.

Tí iná bá lọ lójijì, yọ bùlóà kúrò lẹ́nu páìpù kíá. Ooru á padà wá bá a, gáàsì tí Ìyá sọ yẹn náà á kún inú páìpù, tí o bá kàn tan án padà ó lè bú gbàù. Jẹ́ kí páìpù irin tó mítà kan wà láàárín bùlóà àti ààrò.

Ọmọ Alámọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ra onígbìín 12 volt yẹn, mo fi omi wọ̀n ọ́n, 2.5 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí èédú kún, kò tó 300 Pa tí ẹ̀gbọ́n sọ àmọ́ iná mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo lu ihò mẹ́ta sókè. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ mi ò tan bùlóà rárá, ọwọ́ mi ń yún mi àmọ́ mo mú sùúrù. Ìkòkò òkè, mo fi ìka kàn án, ó dún gbaan, mo fi í sínú omi mọ́jú, etí ẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù, nígbà tó di bíi wákàtí karùn-ún, omi inú róbà gòkè sí 4, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ìyá Oníkòkò

Eérú ni. Fi irin gígùn rọra ro abẹ́ ẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí o pa bùlóà ná kí o tó ṣílẹ̀kùn abẹ́ yẹn, kí iná má baà tú sí ẹ lójú.