Mo fẹ́ lọ gun yìnyín ní Kánádà: ẹ bá mi wo ọ̀sẹ̀ ìmúra mi

Káfíńtà Ìgbògbò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 46 ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Ìgbògbò, Ìkòròdú níbí. Àbúrò mi tó wà ní Calgary ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ó ní tí mo bá dé lóṣù kìíní, òun á mú mi lọ síbi tí omi tó ń já bọ́ látorí àpáta ti dì gbagidi, a ó sì fi àáké gùn ún. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó fi fídíò ránṣẹ́. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ọ̀sẹ̀ mi ṣe rí nìyí. Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, mo máa ń sáré láti Ìgbògbò dé Sábó, mo á sì ti padà délé kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Wẹ́sìdeè, mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba ọ̀nà Ìtòìkín, ó di Ìmọ́tà, nítòsí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba, kí n tó yí padà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yòókù, apá ni. Mo de igi àpà kan mọ́ àjà ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń rọ̀ mọ́ ọn, mo máa ń fa ara mi sókè títí apá á fi máa gbọ̀n. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń bá mi ka iye rẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́ mi jẹ. Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìrẹsì.

Apá ti ń le o, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ òsì kò jẹ́ kí n sùn mọ́, kódà ayùn ò ṣeé fà dáadáa. Ṣé kí n fi kún ti apá ni àbí kí n dín in kù? Báwo sì ni ẹni tó jẹ́ pé ọyẹ́ nìkan ló mọ̀ ṣe ń múra de òtútù yẹn?

Ìyá Ìbejì Calgary:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ igi àpà yẹn kalẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ ló ń gbé èèyàn gun yìnyín.

Wọ́n á so irin eléyín mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà yín, eyín méjì á yọ síwájú. Àwọn méjèèjì yẹn lẹ ó fi ta yìnyín, orí wọn náà lẹ ó sì dúró lé. Gìgísẹ̀ yín ò gbọdọ̀ ga. Tó bá ga, eyín á yọ kúrò nínú yìnyín, ẹsẹ̀ á sì máa gbọ̀n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ìjì. Ẹ wá àtẹ̀gùn, ẹ fi orí ìka ẹsẹ̀ dúró létí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú, kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ní ti apá, kó máa nà gbọọrọ ni, kí ẹ kàn fi ara kọ́. Ẹni tó bá ká apá kò, tó ń fà mọ́ yìnyín, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wá kù. Tí ọwọ́ bá wà lókè pẹ́, tí ẹ tún di àáké mú gírígírí, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ìka mọ́. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára lókè. Ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń padà, ẹ ó ké, èébì á sì máa gbé yín. Èmi ké “yéè, ìyá mi o” ní Johnston Canyon, àfonífojì kan lẹ́bàá Banff, ìlú àárín òkè lápá Calgary níbí, gbogbo òyìnbó yíjú padà. Nítorí náà, ẹ máa dẹ ọwọ́, ẹ máa jù ú sílẹ̀, ẹ máa gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ kejì sí àyà kó máa móoru. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, ẹ fi í sílẹ̀ ní Ìkòròdú: tó bá ti mu òógùn, òtútù rẹ̀ ń wọ eegun.

Ẹ má fi eré sísá sílẹ̀ o. Banff fi nǹkan bíi mítà 1,380 ga ju òkun lọ. Èémí yín lè kúrú níbẹ̀.

Ológeere Ẹ̀pẹ́:
Ẹni tó ń wọ bàálù lọ gun yìnyín nígbà tí ọ̀pẹ pọ̀ ní Ìmọ́tà! Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà Ìtòìkín yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí ọyẹ́ bá bolẹ̀ láàárọ̀, awakọ̀ tírélà kì í rí wa. Ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, kí ẹ so iná pupa mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ fi òrí pa ihò imú pẹ̀lú; èmi ṣẹ̀jẹ̀ nímú lọ́jọ́ kan, mo rò pé ikú dé.

Káfíńtà Ìgbògbò:
Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Mo ti tú igi àpà sílẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ti rọlẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ilé kan tí à ń kan òrùlé rẹ̀ ni mo ti ń dúró. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni mo ṣì lè ṣe, àwọn bíríkìlà ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi ń ta òkú Èkó. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé páálí ẹja lọ́wọ́ kí ọwọ́ mi lè mọ òtútù. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó na irin tó fi ń ya ẹja sí mi, ó ní kí n kúkú wúlò. Mo gbé e sókè, mo lu ibi tó yọ gọ́ngọ́ lórí yìnyín tó bo ẹja náà. Ó fọ́ pẹẹrẹpẹ, ó ta sí mi lójú. Ìyàwó gba irin: “Kò sẹ́ni tó ń lu ibẹ̀. Ibi tó wọnú ni kí ẹ wò.” Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, irin wọlé, ó dúró. Ṣé bí ti yín náà ṣe rí nìyẹn?

Ìyá Ìbejì Calgary:
Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ibi tó wọnú. Ibi tó yọ síta ń fọ́ bí àwo, àgàgà tí òtútù bá dé ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo. Ó gbà mí ní ọdún kan gbáko kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣé ìyàwó yín ní físà?