Àna mi ní kí n wo búlọ́ọ̀gù òun kí n fún òun ní máàkì, ẹ gbà mí o

Bàbá Sàídátù (Gàá Àkànbí, Ìlọrin):

Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín, ẹ má bínú pé ó gùn, tí mo bá gé e kúrú kò ní yé yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe, ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàléńdà, èèpo ìwé, gbogbo ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ táwọn ọmọ tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì á máa ní "bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo búlọ́ọ̀gù mi, báwo lẹ ṣe rí i?" Èmi náà á wò ó, mà á fún wọn ní máàkì méjì, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, ọ̀kan fún bí ojú ẹ̀ ṣe rí, mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹnì kankan ò sanwó fún mi o, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.

Ìgbà tó kọ́kọ́ dìjà, ọmọkùnrin kan ní Tankẹ ni. Búlọ́ọ̀gù ẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ funfun báláú, lẹ́tà ẹ̀ tóbi dáadáa, kò sí pálapàla kankan níbẹ̀. Mo fún un ní 9. Àmọ́ ẹ wá ka ohun tó kọ, gbogbo ẹ̀ ló fi "Nínú ayé tí a wà lónìí" bẹ̀rẹ̀, èyí tó kọ lórí oúnjẹ o, èyí tó kọ lórí ìyá ẹ̀ o, èyí tó kọ lórí bọ́háòòlù tó bàjẹ́ ládùúgbò wọn o. Mo ka mẹ́jọ, mi ò mọ ohun kan ṣoṣo nípa ọmọ yẹn, mi ò mọ bóyá ó ní àbúrò, mi ò mọ ohun tó ń bí i nínú. Mo fún ọ̀rọ̀ ní 3, mo sì sọ ìdí ẹ̀. Látọjọ́ náà, tí mo bá pè é kì í gbé e.

Ó dáa, ti àárín ọ̀rẹ́ nìyẹn. Èyí tó gbé mi wá síbí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, ní Ọ̀ffà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọdún tó kọjá ni wọ́n dá búlọ́ọ̀gù tiwọn sílẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ yẹn dùn! Wọ́n kọ ọ̀kan lórí títa nǹkan ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ọ̀ffà, wọ́n ní kí ọkọ̀ tó dé, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹsẹ̀ àwọn. Mo ka ibẹ̀ yẹn mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kọ́kọ́ mí.

Àmọ́ ojú búlọ́ọ̀gù yẹn, haba. Ẹ̀yìn ẹ̀ àwọ̀ ewé, lẹ́tà pupa yòò lórí ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n kó sí àárín bí ìwé ìpè òkú, fọ́ǹtì (irú ìrísí lẹ́tà) lóríṣi mẹ́rin, àwọn ìràwọ̀ kan ń já bọ́ láti òkè, orin wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ó ń fúnra ẹ̀ dún, fọ́tò mẹ́wàá mẹ́wàá bí wọ́n ṣe yà á lórí fóònù náà ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀, àmì ohùn sì ń fò káàkiri bí ẹ̀fọn. Àbọ̀ ìtàn rélùwéè yẹn ni mo ka lójú ẹ̀, mo kó ìyókù sínú Microsoft Word kí n tó lè kà á tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí, wọ́n ní "Ọkọ wa, mo gbọ́ pé ẹ máa ń fún àwọn ọmọdé ní máàkì, ẹ wá fún èmi náà." Mo jókòó mo kọ ojú ìwé méjì. Ìyàwó mi kà á, ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n wá kó òun padà sílé ni. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Àna ni wọ́n jẹ́ sí mi, wọ́n tún jù mí lọ dáadáa. Ṣé kí n fún wọn ní 7 kí n lọ sùn ni, àbí kí n sọ ọ́, tí mo bá sì máa sọ ọ́, báwo?

Ìyá Bàríkà (Ọjà Ọba):

Àna kẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ìwé méjì yẹn dànù kí ó tó ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ìyàwó yín lẹ máa rán, òun ni àbúrò, òun ló lè sọ fún wọn pé "bọ̀ọ̀dá mi, àwọ̀ yìí ń ta mí lójú" kí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò lè sọ ọ́ kó má di ọ̀rọ̀ ìdílé.

Ọmọ Olófà:

Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, ẹni tó bá bọ́ sí ojú agbo tó ní kí wọ́n wá gbá òun mú, ẹ gbá a mú! Bàbá fúnra wọn ló béèrè. Tíṣà tó ti fi báírò pupa sàmì sí ìwé ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo ayé ẹ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè gba máàkì? Ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀, mo fẹ́ ka ti rélùwéè yẹn.

Alfa Gíráfíìsì (Tankẹ):

Wá Bàbá Sàídátù, máàkì gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá sọ fún èèyàn pé 3, kò ní gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ tẹ̀lé e mọ́, iye yẹn ló máa gbé sùn. Ohun tó ṣeé tún ṣe lẹ máa sọ, kí ó sì jẹ́ ohun tí òun náà lè fojú ara ẹ̀ rí.

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ pupa lórí àwọ̀ ewé yẹn, kì í ṣe pé ẹ kò fẹ́ràn ẹ̀ lásán, ó ṣeé wọ̀n. Àwọn W3C tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà sí ẹ̀yìn ẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1 fún lẹ́tà tí kò tóbi, dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pupa yòò lórí àwọ̀ ewé kan sínú contrast checker (ohun tó ń wọn ìyàtọ̀ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) báyìí, kò pé 1.5 sí 1. Àwọn ọkùnrin kan sì wà tí pupa àti àwọ̀ ewé jọra lójú wọn látìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ó lè fẹ́ jọ bébà tí kò ní nǹkan lórí lójú irú wọn. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ báyìí, ẹ ò pe ojú wọn ní ojú burúkú, òǹkà ni.

Kíkó ọ̀rọ̀ sí àárín, ó dáa fún ewì àti ìwé ìpè. Fún ìtàn gígùn, ojú á máa wá ibi tí ìlà tó kàn ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń rẹni. Kí wọ́n fà á sí apá òsì. Kí lẹ́tà má kéré ju 16 píksẹ́lì (àwọn tótóótó tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lójú fóònù) lọ torí pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ló máa kà á, àwọn náà ti ń lo awò.

Fọ́tò nìkan ló máa ń bí mi nínú jù. Fọ́tò fóònù lè tó MB 3 tàbí 4, mẹ́wàá ẹ̀ ti ń lọ sí 40. Ta ló fẹ́ fi dátà 40MB ka ìtàn kan? Kí wọ́n dín fífẹ̀ ẹ̀ kù sí bíi 1200 píksẹ́lì kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, ojú ò ní mọ̀ ọ́n lórí fóònù.

Ọmọ Pàkátà:

Ìbéèrè kékeré kan, ẹ má bínú. Búlọ́ọ̀gù ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín máàkì yìí ńkọ́? Ta ló fún un ní máàkì?

Bàbá Sàídátù:

@Ọmọ Pàkátà tèmi wà, mo ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Pàkátà:

Mo gbọ́.

Akọ́mọlédè (Òmù-Àrán):

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn bàbá tíṣà Ọ̀ffà yẹn lórí àmì ohùn, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ló máa sọ pé wọn ò mọ Yorùbá kọ. Ẹjọ́ fọ́ǹtì ni. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ, ṣ ní kóòdù tiwọn, á àti à náà ní tiwọn, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ ẹ́ tàbí ọ̀, kò sí kóòdù kan ṣoṣo tó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, lẹ́tà ló máa wà lọ́tọ̀, àmì á wá gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún irú wa ò mọ ibi tó máa gbé àmì yẹn lé, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó sọ ọ́ di àpótí. Àwọn fọ́ǹtì ológe tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ yẹn ló burú jù. Kí wọ́n lo Noto Serif tàbí Gentium, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, gbogbo àmì á jókòó jẹ́jẹ́. Bàbá tó ń fàmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ orí yẹn, táwọn ọ̀dọ́ ò fi nǹkan kan sí, ẹ fún wọn ní máàkì ẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan sí ti ọmọ Tankẹ náà. "Nínú ayé tí a wà lónìí" yẹn, àwa tíṣà la kọ́ wọn. Láti pírámárì ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé àròkọ gbọ́dọ̀ ní ìfáárà, ọmọ á wá máa gbọ̀n ilẹ̀kùn títí, kò ní wọlé. Dípò 3, ẹ bá ní kó pa ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wo ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyá ẹ̀ ti wà ní ìlà kẹrin tó ń dúró dè é.

Bàbá Sàídátù:

@Akọ́mọlédè ẹ̀yin lẹ pa mí lónìí. Mo padà lọ wo èyí tó kọ lórí ìyá ẹ̀. Ìlà karùn-ún ni, "màmá mi máa ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ti àkọ́kọ́ máa ń parọ́." Mo ti fò ó kọjá torí inú ti ń bí mi látòkè.

Àǹtí Káfẹ́ (Ajaṣẹ́-Ìpo):

Orin tẹ́ ẹ ní ó ń fúnra ẹ̀ dún yẹn, kò dá mi lójú pé ó ń dún fún ẹnikẹ́ni. Chrome tí wọ́n fi ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń dá irú ẹ̀ dúró láti 2018, ó dìgbà tẹ́ni tó ń wò ó bá tẹ nǹkan lójú ewé yẹn. Ó ṣeé ṣe kí bàbá rò pé gbogbo ayé ń gbọ́ orin àwọn. Ẹ má wulẹ̀ bá wọn jà lórí ẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má kọ nǹkan kan ránṣẹ́. Ohun téèyàn kọ máa ń le ju ohun tó fẹnu sọ lọ. Ẹ lọ bá wọn ní Ọ̀ffà, ẹ mú fóònù kékeré kan dání, èyí tí sítọ́réèjì ẹ̀ ti kún, ẹ ní kí wọ́n ṣí búlọ́ọ̀gù wọn lórí ẹ̀ kí wọ́n ka ìtàn kan fún yín sókè. Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Níbi tí mo ti ń ṣe káfẹ́, bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn oníbàárà nìyẹn, mi ò lè ka iye tó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé "ẹ bá mi yọ ọ́."

Ìyá Bàríkà (Ọjà Ọba):

Kí wọ́n sì mú nǹkan dání lọ o, ẹ má lọ kí àna lọ́wọ́ òfo torí búlọ́ọ̀gù.

Bàbá Sàídátù:

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti lọ mo ti bọ̀. Àná Sunday ni mo wọkọ̀ ní Gárèèjì Ọ̀ffà, mo ra wàrà dání (Ìyá Bàríkà, ẹ ṣé), mo gba fóònù ọmọ mi. Mo ṣe bí Àǹtí Káfẹ́ ṣe wí. A ṣí i, ó ń yí, ó ń yí, a jẹ wàrà tó pọ̀ díẹ̀ kó tó jáde. Wọ́n gbé fóònù jìnnà sójú, wọ́n tún gbé e súnmọ́, wọ́n yọ awò wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ka ìlà méjì, ìràwọ̀ kan já bọ́ lórí ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi ìka lé e bí eṣinṣin. Mi ò sọ̀rọ̀ o. Wọ́n ní "bó ṣe rí fún gbogbo yín nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Àwọ̀ yẹn, èmi rò pé àìmọ̀ ni. Àṣé àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé tí wọ́n ti ṣe tíṣà fún ọdún 31 ni. Ojú tì mí, torí nínú ojú ìwé méjì mi mo pè é ní àwọ̀ ata àti ẹ̀fọ́. A jọ ṣe é, a fi àwọ̀ ewé sí ọ̀já kan lókè, orúkọ búlọ́ọ̀gù wà nínú ẹ̀, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀, ìyókù di dúdú lórí funfun. Noto la fi sí i. Àmì ohùn dúró. Wọ́n wò ó títí. Orin, wọn ò yọ ọ́, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ọ.

Wọ́n wá ní máàkì àwọn dà. Mo ní mi ò fúnni ní máàkì mọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Mo ní sà, ọ̀rọ̀ 9, ojú kí a tó tún un ṣe 2. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọn ò tiẹ̀ wo 2 yẹn. "Kí ló gbé ẹyọ kan lọ nínú 9?" Wákàtí kan gbáko la fi wà lórí ẹyọ kan yẹn. Mo ní gbogbo ìtàn yín, ẹ máa ń fi "ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́" parí ẹ̀ bíi pé kíláàsì la ṣì wà. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ṣí ti rélùwéè, wọ́n pa ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ rẹ́ lójú mi, wọ́n ní "ó tán."

Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni wọ́n ní kí n ṣí tèmi. Ọmọ Pàkátà, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka mẹ́ta. Wọ́n ní "Ọkọ wa, ojú 8. Ọ̀rọ̀ 4. Búlọ́ọ̀gù àwọn ẹlòmíì lẹ ń sọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yin dà?"

Ọmọ Pàkátà:

Mi ò rẹ́rìn-ín. (Mò ń rẹ́rìn-ín.)

Ìyá Bàríkà (Ọjà Ọba):

4 ju 3 lọ. Ẹ pe ọmọ Tankẹ yẹn.

Bàbá Sàídátù:

Mo pè é láàárọ̀. Ó ń dún, kò gbé e. Mo ti kọ ìlà màmá ẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí i, mo ní ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kà á, mo rí i pé ó ti kà á.