CT scan àti ẹ̀rù jẹjẹrẹ: ẹ wá sọ èyí tójú yín rí

Ìyá Tòmíwá, Ilé-Ifẹ̀

Ó ku díẹ̀ kí n bá dókítà jà nítorí CT scan, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà. Kì í ṣe pé ó ní ká ṣe é o. Ó ní ká má ṣe é.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ló já bọ́ láti orí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Sábó. Orí ló fi gúnlẹ̀. Ó sunkún, ó bì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kí n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, owó scan sì ti wọlé sórí fóònù mi. Dókítà ọ̀hún, tí kò lè ju àbúrò mi lọ, tẹ orí ọmọ kiri, ó ní kó rìn lọ rìn bọ̀, ó bi í pé ta ni tíṣà rẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ títí di alẹ́ ná." Mo ní ṣé ó rò pé n ò lówó ni?

Kò bínú. Ó ní X-ray náà ni CT, àmọ́ kì í ṣe ẹyọ kan: ṣe ni ẹ̀rọ yẹn ń yí orí po, tó ń yà á láti ìhà gbogbo. Ara ọmọdé ṣì ń dàgbà, ìtànṣán X-ray yìí tètè ń bà á jẹ́ ju ti àgbà lọ, ọdún tí jẹjẹrẹ lè fi jáde sì pọ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní wọ́n tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n ti ṣe CT fún ní Ìlú Ọba, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012: bí wọ́n bá ya orí ọmọ 10,000 tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n ṣírò pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹnì kan lè tìdí rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ẹnì kan a sì ní kókó inú ọpọlọ. "Ó kéré o, mà. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yìí mọ́lẹ̀ kedere, kí la wá fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́ fún?"

Wákàtí mẹ́fà la fi jókòó. Nọ́ọ̀sì á wá, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú ọ̀tún, á tan án sí tòsì, á lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, ọmọ ní òun fẹ́ jẹ Indomie. Ẹkún ni mo bú sí.

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ewu ọmọ. Èmi ni wọ́n yà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù márùn-ún, inú kan náà.

Wọ́n ń wá ohun tó ń ṣe kíndìnrín mi. Àkọ́kọ́, mo fi fíìmù rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo wọ ọjà Àtàkúnmọ́sà lọ, oòrùn sè é, ó lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Èkejì, ilé ìwòsàn tí n kò ní dárúkọ gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ ọ́ nù, wọ́n tún ní kí n lọ ya òmíràn! Ẹni tí wọn ò bá tíì fún ní oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan nígbà scan kò ní mọ̀: ooru gba ọ̀fun mi lọ sí itan, ó dá mi lójú pé mo ti tọ̀ sára. Mo fọwọ́ kan ṣòkòtò, ó gbẹ. Ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ò tọ̀ o."

Òun náà ló bá mi ṣírò rẹ̀ nígbà kẹta. CT ikùn kan tó nǹkan bíi millisievert 10, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara. Èyí tí ilẹ̀, oúnjẹ àti ojú ọ̀run ń fún olúkúlùkù wa lọ́dún kan kò ju bíi 2.4 lọ. Ẹ wá wò ó, ti ọdún méjìlá ni mo gbà láàárín oṣù márùn-ún! Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní millisievert 10 lè fi nǹkan bí ẹnì kan nínú 2,000 kún àwọn tí jẹjẹrẹ máa pa. Ọkùnrin náà ní èyí tó nídìí kò ba òun lẹ́rù. Èyí tí wọ́n ń tún ṣe torí pé ìwé sọnù ló ń bí òun nínú. Ó tún ní sikáànù tí wọ́n fi ń wo oyún náà lè rí òkúta inú kíndìnrín, kò sì ní irú ìtànṣán yẹn rárá. Ta ló sọ fún mi tẹ́lẹ̀?

Àbíkẹ́, Modákẹ́kẹ́

Ẹ rọra o, kí ẹ má lé èèyàn sá. Ẹnu bàbá wa wọ́ sápá kan láàárọ̀ ọjọ́ kan. Dókítà ní ká ya orí wọn kíá, torí òun ò lè fojú lásán mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń tú jáde nínú ọpọlọ tàbí ó dì, oògùn ọ̀kan sì lè pa ẹni tó ní ìkejì. Àǹtí wa ní òun gbọ́ lórí WhatsApp pé scan ń fa jẹjẹrẹ. A jà títí di ọ̀sán. Bàbá ẹni ọdún 76! Jẹjẹrẹ tó lè gba ogún ọdún kó tó yọjú la ń sá fún.

Ìyá Tòmíwá

Áà, Àbíkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ara bàbá ńkọ́? Ọmọ Obòkun, scan kẹta yẹn, ibo ló wà?

Àbíkẹ́

Wọ́n ń rìn, a dúpẹ́. Ọwọ́ òsì ni kò tíì mú nǹkan.

Ọmọ Obòkun

Mo gba síìdì àti ìwé èsì rẹ̀ kí n tó kúrò níwájú wọn. Inú àpò ìwé ilẹ̀ mi ló wà. Ìyàwó mi ní kí n kúkú fi kọ́ páálọ̀.